Wọ́n Ní Wọ́n Ti Bi Wá Léèrè

Bí ẹ bá sá aṣọ sórí okùn, tí Ìyá Kókó bá gba ibẹ̀ kọjá, aṣọ yẹn ti di kíká nìyẹn. Kò ní bi yín. Yóò ká a, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ojú ẹ̀ kó tẹ́ dáadáa, yóò wá máa bá yín jà pé irú ọmọ èèyàn wo ló ń sá tówẹ̀lì báyìí. Nígbà tí mo bí ọmọ mi kejì, ó wá kí mi nílé. Ọmọ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, kò wo ibi tí ọmọ wà. Àwọn ìlédìí tí mo kó sínú apẹ̀rẹ̀ ló kọ́kọ́ dà sílẹ̀, tó tún gbogbo ẹ̀ ká. Mo ní, "Ìyá, ọmọ rèé o." Ó ní ọmọ ò lè sá lọ, òun á kí i tí òun bá ṣe tán.

Obìnrin kúkúrú ni. Ẹ̀rín ò wọ́pọ̀ lẹ́nu ẹ̀, ọ̀rọ̀ sì pọ̀ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Káfíńtà lọkọ rẹ̀, ó kú nígbà tí àwọn ọmọbìnrin wọn méjèèjì ṣì kéré. Aṣọ àwọn ará àdúgbò ló ń fọ̀ nínú ọpọ́n lẹ́yìnkùlé kó tó ríṣẹ́ sí lọ́ńdìrì. Ọwọ́ yẹn náà ló fi tọ́ wọn: àgbà ti di aránṣọ, àbúrò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Yàrá méjì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù èyí àgbà ló ń gbé títí dòní, ẹ̀yin náà sì lè fojú inú wo bí ibẹ̀ ṣe mọ́ tó. Àga ń bẹ níbẹ̀ tí èmi ò tíì jókòó lé rí, nítorí pé mi ò fẹ́ wàhálà.

Ọsibítù mẹ́ta ni lọ́ńdìrì wa ń fọṣọ fún. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì, aṣọ aláìsàn, èyí tí àwọn dókítà ń wọ̀ ṣiṣẹ́ abẹ, inú báàgì ńláńlá ni wọ́n ń kó gbogbo ẹ̀ sí, ọkọ̀ a wá já a sí àgbàlá wa láàárọ̀. Tábìlì tí báàgì kọ́kọ́ ń dé là ń pè ní tábìlì ìtúpalẹ̀. Ibẹ̀ lèèyàn ti ń ki ọwọ́ bọnú ẹ̀, tó ń ṣa funfun lọ́tọ̀, aláwọ̀ lọ́tọ̀, ẹlẹ́jẹ̀ lọ́tọ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Ìyá Kókó fi dúró nídìí tábìlì yẹn. Èmi wà níbi ìlọṣọ, mo kọjú sí i, ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbọ́ ẹnu rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́.

Nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni wọ́n jọ ń ṣe é. Ọjọ́ kan ni ọ̀rẹ́ yìí ki ọwọ́ bọ báàgì, abẹ́rẹ́ gún un. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti fi gún aláìsàn ni o, tí ẹnì kan gbàgbé sínú aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ohun tó wà lẹ́nu abẹ́rẹ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, wọ́n sin ín. Ọ̀gá Àgbà tó dá lọ́ńdìrì sílẹ̀ fi òdòdó ránṣẹ́. Òdòdó! Wọ́n tún lẹ ìwé kan mọ́ ògiri pé ká máa ṣọ́ra.

Ìyá Kókó ò ka ìwé ara ògiri. Ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ló dìde, ó fẹsẹ̀ rìn dé ọsibítù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò dé ọ́fíìsì ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìn ilé ló gbà, níbi tí àwọn tó ń tún wọ́ọ̀dù ṣe ń kó báàgì sí, ó jókòó tì wọ́n, wọ́n sọ̀rọ̀. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ò ju báyìí lọ: tí wọ́n bá ń di ẹnu báàgì, kí wọ́n ta kókó kan tó bá jẹ́ aṣọ lásán, kókó méjì tí ẹ̀jẹ̀ bá wà níbẹ̀. Tó bá wá jẹ́ wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti gún abẹ́rẹ́ púpọ̀ lọ́jọ́ náà, tí nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó lè wà nínú ẹ̀, kókó mẹ́ta. Báàgì oníkókó mẹ́ta, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án àfi òun. Yóò wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ, yóò da gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lórí símẹ́ńtì, yóò fi igi tú u. Bó ṣe gba orúkọ nìyẹn. Látọjọ́ náà, abẹ́rẹ́ ò gún ọwọ́ ẹnì kan mọ́ nídìí tábìlì yẹn. Ọdún mẹ́tàdínlógún gbáko! Kò sí nínú ìwé kankan, kò sí máníjà tó mọ̀ sí i, wọn ò sì pín bisikíìtì níbi ìpàdé ẹ̀.

Nígbà tí Ọ̀gá Àgbà fẹ̀yìn tì, ọmọ rẹ̀ gba ipò. Ọ̀gá Kékeré là ń pè é, lẹ́yìn rẹ̀ ni o. Kò burú lọ́mọ èèyàn, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ó kàn jẹ́ irú àwọn tó máa ń lọ ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́rin, tí wọ́n á sì padà dé bí ẹni pé àwọn ni wọ́n dá omi. Èyí tó lọ kẹ́yìn, ó mú ọkùnrin kan tẹ̀ lé ara rẹ̀ bọ̀. Bàtà funfun lọkùnrin náà wọ̀. Bàtà funfun, nínú ilé tí omi ti ń ṣàn lórí ilẹ̀ látàárọ̀! A ò tún béèrè orúkọ mìíràn fún un mọ́, Oníbàtà Funfun ló ń jẹ́.

Wọ́n pe gbogbo wa jọ sí àgbàlá. Ọ̀gá Kékeré ní ẹ̀rọ tuntun ń bọ̀, ọgbọ́n àtọwọ́dá ló wà nínú ẹ̀, yóò máa fojú ara rẹ̀ wo báàgì, yóò sì máa sọ èyí tó mọ́ àti èyí tó léwu. Ó ní kò ní gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ibi tó ti sọ ìyẹn ni mo ti fura. Ta ló bi í? Ó wá ní, nítorí pé ìdílé kan ni wá, àwọn ò ní dá nǹkan ṣe láìbi àwa òṣìṣẹ́ léèrè. Oníbàtà Funfun bá dìde, ó pín ìwé fún wa. Ìbéèrè méjì ló wà níbẹ̀. Èkínní: kí la fẹ́ ká máa pe ẹ̀rọ náà? Èkejì: ṣé aláwọ̀ eérú la fẹ́ àbí aláwọ̀ aró?

Ẹ gbà mí o! Àwa méjìdínlógójì, pẹ̀lú ọdún tá a ti lò nídìí iṣẹ́, àwọ̀ ara ẹ̀rọ ni wọ́n bi wá. A sì dìbò, àwa ọ̀lẹ. Aláwọ̀ eérú ló wọlé. Nígbà tí ẹ̀rọ dé, aláwọ̀ aró ni, wọ́n ti kùn ún kí wọ́n tó bi wá. Ní ti orúkọ, a ní kí wọ́n máa pè é ní Ọ̀jọ̀gbọ́n. Inú wọn dùn, wọn ò mọ̀ pé yẹ̀yẹ́ là ń ṣe.

Ìyá Kókó nìkan ló nawọ́ sókè. Ó ní, "Ọ̀gá, ta ló máa kọ́ ẹ̀rọ yìí níṣẹ́?" Oníbàtà Funfun rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀rọ ni yóò kọ́ ara rẹ̀, Màmá, yóò kàn wo ọwọ́ yín. Wọ́n so kámẹ́rà mọ́ òkè tábìlì ìtúpalẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ gbọ́, nítorí ibí la ti jẹ̀bi. Máníjà wa, ẹni tí ẹ̀rù Ọ̀gá máa ń bà ju bó ṣe ń bẹ̀rù Ọlọ́run lọ, yọ́ wá bá wa lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìyẹn. Ó ní kámẹ́rà ń bọ̀ o, bí òfin iṣẹ́ ṣe wà nínú ìwé ni ká ṣe é, ohun tí kò bá sí nínú ìwé, òun ò fẹ́ kó hàn níbẹ̀. A wo ara wa. Kókó ò sí nínú ìwé. Tí wọ́n bá sì rí kókó, wọ́n á béèrè ẹni tó ń ta á, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wa ní wọ́ọ̀dù á wọ wàhálà. Ìyá Kókó ronú sí i, ó ní, "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká máa tú kókó lẹ́yìn tánkì omi ká tó gbé báàgì wọlé."

Ohun tá a ṣe nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́yìn tánkì omi, à ń tú kókó. Oníkókó kan àti oníkókó méjì, a ó tú u, a ó fẹnu sọ fún ara wa, a ó gbé e wọlé. Oníkókó mẹ́ta, Ìyá Kókó á da a sílẹ̀ níta níbẹ̀, á yọ abẹ́rẹ́ tó bá wà níbẹ̀, á tún aṣọ kó sínú báàgì mìíràn. Gbogbo báàgì tí kámẹ́rà rí ló mọ́ kedere. Oníbàtà Funfun ń wo àwòrán, ó ń mi orí, ó ní ó rẹwà. A rò pé à ń bo ara wa láṣìírí. A ò mọ̀ pé à ń kọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n pé abẹ́rẹ́ ò sí láyé.

Ìyá Kókó ló kọ́kọ́ ro ó dé ibẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ń tú kámẹ́rà kúrò, ó lọ bá Oníbàtà Funfun, ó ní, "Ọmọ mi, ohun kan wà tí ẹ̀rọ yín ò rí." Ọkùnrin náà ní, "Màmá, dátà ti pé." Ìyá Kókó ní, "Kò pé. Àwa la fi í pa mọ́." Ọkùnrin náà ní kó máà yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, Màmá, ẹ̀rọ ń rí ohun tí ojú èèyàn ò lè rí. Ìyá Kókó tún tẹ̀ síwájú, ó lọ bá Ọ̀gá Kékeré fúnra rẹ̀, ó ka ọ̀rọ̀ kókó fún un láti orí kókó kan dé kókó mẹ́ta. Ọ̀gá ní ó ṣeun, òun á rò ó. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, lẹ́tà lọ sí ọsibítù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé kí wọ́n má ta kókó mọ́, nítorí pé abẹ tó wà lára ẹ̀rọ, èyí tó ń gé ẹnu báàgì, kókó máa ń há a lẹ́nu. Kílíìpù oníke ni kí wọ́n máa fi dì í. Rírò tó ní òun á rò ó nìyẹn. Ó rò ó, ó sì rò ó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ.

Ìwé wá dé. Àwọn ọsibítù ò ní gba iṣẹ́ ẹ̀rọ láìjẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ jẹ́rìí sí i pé wọ́n bi àwọn. Ojú ìwé kan péré: *A bi wá léèrè, a sọ tẹnu wa, a sì fara mọ́ ọn.* Lábẹ́ ẹ̀, orúkọ wa tò lẹ́sẹẹsẹ, méjìdínlógójì, kí oníkálukú fọwọ́ sí tirẹ̀. Ẹni tó bá ti fọwọ́ sí i, wọ́n á fún un ní ẹ̀wù kan tí wọ́n ya àwòrán Ọ̀jọ̀gbọ́n sí láyà.

Mo fọwọ́ sí i. Ẹ bá mi wí, mo tọ́ sí ìbáwí. Mi ò ka á tán. Ẹni tó wà níwájú mi fọwọ́ sí i, ẹni tó wà lẹ́yìn ń tì mí, mo sì ń ro aṣọ tó ń dúró dè mí níbi ìlọṣọ. Mo gba ẹ̀wù. Ó há mi lápá, mo sì tún wọ̀ ọ́ lọ sílé lọ́jọ́ náà bí òmùgọ̀.

Ó kan Ìyá Kókó. Ó yọ awò ojú rẹ̀ jáde, ó nu ún, ó ka ìwé náà látòkè délẹ̀, ó tún un kà. Gbogbo wa dúró. Ó ní, "Ta ni wọ́n bi?" Máníjà ní, "Ìyá, ẹ fọwọ́ sí i, ẹ jẹ́ ká lọ." Ó ní, "Mo ní ta ni wọ́n bi? Èmi ni mo lọ bá wọn láìbi mí, wọn ò gbọ́. A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ẹ kọ kókó síbẹ̀, kí n fọwọ́ sí i. Láìsí kókó, ọwọ́ èèyàn kan ló máa san án." Máníjà ní abẹ́rẹ́ kín-ń-kín ló ń fa gbogbo ariwo yìí. Ìyá Kókó wò ó tìkà-tẹ̀gbin. Ó ní, "Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ." Ó tẹ́ ìwé náà sílẹ̀, ó sì padà sídìí tábìlì rẹ̀.

Ìfọwọ́sí àwa mẹ́tàdínlógójì yòókù ti tó àwọn ọsibítù. Àwọn ọ̀gá wa ò lé Ìyá Kókó lọ, ojú ń tì wọ́n. Wọ́n gbé e kúrò nídìí tábìlì ìtúpalẹ̀ lọ sí ìpẹ̀kun ilé, kó máa ká tówẹ̀lì. Wọ́n ní àgbà ti dé, kó máa sinmi. Ta ni wọ́n wá fi sípò rẹ̀? Èmi ni. Ó kọ́ mi ní gbogbo ohun tó lè kọ́ mi láàárín wákàtí kan, ó sì fún mi ní ìbọ̀wọ́ aláwọ rẹ̀. Máníjà gbà á lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kejì, ó ní ó nípọn jù, ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Báàgì á gun bẹ́líìtì, kámẹ́rà á wò ó, abẹ á gé ẹnu ẹ̀, iná á tàn. Iná pupa, ẹ gbé e sápá kan. Iná aláwọ̀ ewé, ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Kì í ṣe báàgì nìkan ló ń wò. Àwa náà ló ń wò. Tí ọwọ́ mi bá dúró díẹ̀ lẹ́nu báàgì, orúkọ mi á pọ́n lójú kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì, máníjà á dé. Bí o bá kàn fẹ́ fọwọ́ tẹ ara báàgì wò lásán, bí Ìyá Kókó ṣe máa ń ṣe, o ti di ọ̀lẹ nìyẹn. Látibi tówẹ̀lì, ó ń na ọrùn wò mí. Nígbàkigbà tí mo bá gbójú sókè, ojú rẹ̀ wà lára mi.

Ọjọ́ kọkànlá, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, iná aláwọ̀ ewé tàn. Kílíìpù wà lẹ́nu báàgì náà, ó dára bí ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí. Mo ki ọwọ́ òsì bọ̀ ọ́. Abẹ́rẹ́ wọ ìdí àtàǹpàkò mi.

Ojú abẹ́rẹ́ náà ni mò ń wò, ó so rọ̀ lára ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fún mi, iná aláwọ̀ ewé ṣì ń tàn. Ìyá Kókó ló ké. N ò mọ bí ẹsẹ̀ kúkúrú yẹn ṣe sáré gba gbogbo ilé yẹn kọjá. Ó fà mí lọ sẹ́nu ẹ̀rọ omi, ó fi ọwọ́ mi sábẹ́ omi tó ń ṣàn, ó ní kí n jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa dà, kí n má fi sẹ́nu. Ó gbá máníjà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó mú mi lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì ní wọ́n á máa yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò títí oṣù mẹ́fà á fi pé, kí wọ́n tó lè fọwọ́ sọ̀yà. Ó ní kí n má jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ mi kan ọkọ mi, kí n má bá ẹnikẹ́ni lo abẹ ìgé-èékánná. Mo ń gbọ́ ọ, mo ń ro àwọn ọmọ mi. Mo ń retí pé kí Ìyá Kókó sọ pé ṣebí òun wí. Kò sọ ọ́. Ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì, ó ń ká gèlè mi tó já bọ́, ó tú u, ó tún un ká. Ó wá ní, "Èmi ni mo ní ká máa tú kókó." Omi bọ́ lójú rẹ̀. Mi ò rí ìyẹn rí.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti òun lọ sí ọ́fíìsì Ọ̀gá Kékeré. Oníbàtà Funfun wà níbẹ̀. Mo ní ọwọ́ mi rèé, kí ni kí n ṣe? Ọ̀gá ò gbójú sókè dáadáa. Ó fa ìwé náà yọ, ó fi ìka lù ú, ó ní ó dun òun o, ó dun òun gan-an, ṣùgbọ́n ẹ ti fọwọ́ sí i pé wọ́n bi yín, ẹ sì fara mọ́ ọn. Oníbàtà Funfun gbà á lẹ́nu ẹ̀, ó ní nínú ọgọ́rùn-ún báàgì, méjìdínlọ́gọ́rùn-ún ni Ọ̀jọ̀gbọ́n máa ń mọ̀ láìṣìṣe, èèyàn ò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ìyá Kókó ní, "Ọgọ́rùn-ún báàgì. Ọwọ́ mélòó lọmọ yìí ní?" Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo ìwé yẹn. Ìfọwọ́sí tèmi ni wọ́n fi ń nà mí.

Ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, Ìyá Kókó tún dìde. Orúnkún rẹ̀ ti ń dùn ún báyìí, ó wọ bọ́ọ̀sì dé ibi tí bọ́ọ̀sì dé, ó fẹsẹ̀ rin ìyókù. Ọsibítù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀yìn ilé, níbi tí wọ́n ń kó báàgì sí. Àwọn tó bá a sọ̀rọ̀ nígbà àkọ́kọ́, àwọn kan ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi kókó lé àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́ bí ogún. Wọ́n ní kílíìpù ti sú àwọn. Ó sọ ohun tó ṣe mí fún wọn. Ohun tó bẹ̀ wọ́n kò gùn.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọkọ̀ dé. Igba báàgì ó lé méjìlá. Báàgì àkọ́kọ́, kókó mẹ́ta. Èkejì, kókó mẹ́ta. Awakọ̀ ń já a, ó ń rẹ́rìn-ín sábẹ́ irùngbọ̀n. Kò sí báàgì kan tó ní kókó méjì, kò sí èyí tó ní ẹyọ kan. Wọ́n gbé èkínní gun bẹ́líìtì. Abẹ gé kókó kan, ó há nínú èkejì, ó ń kùn, ó ń kùn, ó dákẹ́. Iná pupa. Iná aláwọ̀ ewé. Iná pupa. Ọ̀jọ̀gbọ́n ò mọ ohun tó ń rí mọ́. Oníbàtà Funfun bọ́ sílẹ̀ láti fọwọ́ yọ abẹ, omi wọ bàtà rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Máníjà ń pariwo pé ká tú kókó, ká máa fọwọ́ ṣe é. Kò sẹ́ni tó mira. Kì í ṣe pé a dáṣẹ́ sílẹ̀ o. Oníkókó mẹ́ta, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án àfi Ìyá Kókó, gbogbo wa ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá Kókó sì ń ká tówẹ̀lì ní ìpẹ̀kun ilé, ibi tí wọ́n fi í sí, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Títí di ọ̀sán, ọsibítù ti pè lẹ́ẹ̀mẹ́rin pé aṣọ bẹ́ẹ̀dì dà.

Ìgbà yẹn ni Ọ̀gá Kékeré sọ̀ kalẹ̀. Ó rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ ilé dé ìpẹ̀kun, mi ò rò pé ó ti rin ibẹ̀ tán rí. Ó fa àga kan, ó jókòó níwájú Ìyá Kókó. Gbogbo wa rọ́ dé ibẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀ ń gbọ́? Mo wá bi yín ni. Kí lẹ fẹ́ ká ṣe?"

Ìyá Kókó ká tówẹ̀lì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó gbé e lé orí àwọn yòókù. Ó ní, "Ẹ ti pẹ́ kí ẹ tó dé. Kì í ṣe èmi lẹ máa kọ́kọ́ bi. Ẹ bi ẹni tí abẹ́rẹ́ gún, òun ló wà nídìí ẹ̀rọ yín."

Ọ̀gá Kékeré yíjú sí mi. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó wo ọwọ́ mi tí mo fi báńdéèjì dì, ó wo ojú mi, ó tún la ẹnu. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń lọ aṣọ nínú ilé yẹn, ní ogún ìṣísẹ̀ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí... kí lorúkọ yín?"

Mo fẹ́ dáhùn, Ìyá Kókó bá na ọwọ́ sí mi. Ó ní, "Má dá a lóhùn. Orúkọ ẹ wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní wọ́n ti bi ọ́ léèrè, ìwọ náà sì fọwọ́ sí i."

Wọ́n lọ gbé ìwé náà wá. Ọ̀gá Kékeré tẹ́ ẹ sórí tówẹ̀lì, ó fi ìka sí orúkọ àkọ́kọ́, ó ń fà á bọ̀ nísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ìwé, ó ń wo ojú mi. Ìka náà dé orúkọ mi. Kò dúró, ó kọjá.